Eyín Ọdún Mẹ́fà Tí A Kì Í Ju Òmíràn Sórí Òrùlé Fún

Ta ni kò ṣe é rí lọ́mọdé? Eyín ọmú yọ, a jù ú sórí òrùlé, a fọwọ́ bo ẹnu kí alángbá má baà rí àlàfo náà, kí eyín tuntun má baà kọ̀ láti hù. Gbogbo ilé ló máa ń mọ̀ pé eyín ń bọ̀. Ṣùgbọ́n eyín kan wà tí kì í pariwo. Bí ọmọ bá ti tó nǹkan bí ọdún 6, á yọ́ hù lẹ́yìn àwọn eyín ọmú, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, láìlé ẹnikẹ́ni kúrò. Eyín àgbà ni, kò sì ní àrọ́pò.

Ìyá kan láti Òkè-Fìà, ní Òṣogbo wa níbí, gbé ọmọ ọdún 8 wá bá mi. Eyín ò jẹ́ kó sùn lóru. Ó ní, "Dókítà, ẹ bá mi yọ ọ́, ṣebí eyín ọmú ni, òmíràn á hù." Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá, èyí ò ní òmíràn lẹ́yìn." Kò gbà mí gbọ́ títí mo fi yàwòrán eyín náà hàn án.

Kí ló ń tètè ba eyín yìí jẹ́? Ẹ wo orí rẹ̀: kòtò àti ojú ìlà ló kún ibẹ̀, òmíràn sì tín-ín-rín débi pé irun búrọ́ọ̀ṣì kò lè wọ̀ ọ́. Pákò náà kò lè dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bísíkíìtì á wọ̀ ọ́, omi gaàrì oníṣúgà á wọ̀ ọ́. Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí á sọ ṣúgà náà di omi kíkan tó ń yọ́ eyín díẹ̀díẹ̀. (Èyí tí àwọn kan ń fi hàn yín ní àtẹ́lẹwọ́ pé àwọn yọ láti inú eyín, èmi ò tíì rí irú rẹ̀ lẹ́nu aláìsàn kankan.)

Síláǹtì, ìyẹn èròjà ṣíṣàn tí a ń kùn sórí eyín tó sì ń gan síbẹ̀, ni a fi ń dí ojú ìlà wọ̀nyí. Ọmọ ìlú aró ni wá, ó yẹ kó tètè yé wa: ibi tí aládìrẹ bá fi ẹ̀kọ tàbí ìda kùn lára aṣọ, aró kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni síláǹtì ṣe ń ṣe fún ṣúgà àti kòkòrò. A óò fọ eyín náà, a óò fi èròjà kíkan kan sí i fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 15 sí 30 kí ara rẹ̀ lè ṣe háráhárá díẹ̀, a óò ṣàn án, a óò sì gbẹ ẹ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà la óò kùn ún, tí a óò tan iná aláwọ̀ búlúù sí i kó lè gan. Kò sí abẹ́rẹ́, a kì í gbẹ́ eyín. Itọ́ ni ọ̀tá wa: bó bá kan eyín náà kí a tó kùn ún, síláǹtì kò ní lẹ̀ mọ́ ọn, ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ọmọ pé kó má ṣe pa ẹnu dé.

CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, sọ pé síláǹtì ń dènà ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ihò tí ì bá ṣẹlẹ̀ sí eyín ẹ̀yìn láàárín ọdún 2. Ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó lè ṣí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká máa yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Kì í bo àárín eyín sí eyín, ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride kò tíì kúrò ńlẹ̀. Eyín tó bá sì ti lu jinlẹ̀, dídí gan-an ló kù fún un.

Ẹ mú ọmọ yín jáde sínú oòrùn, kó ya ẹnu. Ẹ kà láti àárín iwájú lọ sẹ́yìn, kí ẹ ka àlàfo eyín tó bá ti yọ mọ́ ọn. Eyín ọmú kì í ju 5 lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ẹ bá bá ẹlẹ́ẹ̀kẹfà níbẹ̀, òun nìyẹn. Ẹ gbé e wá. Ẹlẹ́ẹ̀keje á tún yọ́ wọlé bó bá tó ọdún 12.