Ìdámọ̀ àti ìrànlọ́wọ́ àwọn ọmọ tí ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní iléèwé ìjọba Amẹ́ríkà

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni òfin ẹ̀kọ́ ń pe ọmọ iléèwé tí èdè mìíràn wà nílé rẹ̀ tàbí lẹ́nu rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ kò sì tíì tó láti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ kàwé láìsí ìrànlọ́wọ́. Ní ọdún 2021, wọ́n lé ní mílíọ̀nù 5 ní àwọn iléèwé ìjọba, ìyẹn bí ọmọ kan nínú mẹ́wàá. Bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ló ń sọ èdè Sípéènì nílé. Èdè Lárúbáwá ló tẹ̀ lé e, àmọ́ ó jìnnà sẹ́yìn gan-an. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àjèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú ni gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ Amẹ́ríkà gan-an ni wọ́n bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sí. Òfin ìjọba àpapọ̀ ló sọ ọ́ di dandan kí iléèwé wá wọn rí, kó sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń yan ìdánwò tí yóò lò àti máàkì tí ọmọ gbọ́dọ̀ gbà.

Òfin tó rọ̀ mọ́ ọn

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ìlú ti ọdún 1964 ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ó kà á léèwọ̀ pé kí ibi tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ fi ẹ̀yà, àwọ̀ tàbí orílẹ̀-èdè tí èèyàn ti wá dù ú ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kò dárúkọ èdè rárá. Ẹjọ́ Lau v. Nichols ló so èdè mọ́ ọn. Ní San Francisco, bí 1,800 ọmọ Ṣáínà ló ń jókòó sí kíláàsì tí wọn kò ti gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ. Àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ìlú náà ní àwọn kò ṣe ojúsàájú, nítorí ìwé kan náà àti olùkọ́ kan náà ni gbogbo ọmọ ní. Ní Oṣù Kìíní ọdún 1974, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ kọ àwíjàre yìí. Adájọ́ William O. Douglas ló kọ ìdájọ́ náà: fífún gbogbo ọmọ ní ohun kan náà kò sọ wọ́n di ọgbọọgba, bí àwọn kan nínú wọn kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń kọ́ wọn. Ilé-ẹjọ́ kò sọ ọ̀nà tí iléèwé máa gbà ṣe é. Nínú ọdún yẹn kan náà ni ilé aṣòfin ṣe òfin mìíràn tó ní kí iléèwé mú ìdènà èdè kúrò lọ́nà ọmọ.

Ẹjọ́ Castañeda v. Pickard, tó ti Raymondville ní Texas wá, ló fún àwọn iléèwé ní òṣùwọ̀n ètò wọn ní 1981. Ìbéèrè mẹ́ta ni ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fi lélẹ̀. Ṣé ìmọ̀ tó yè kooro ni ètò iléèwé náà dúró lé? Ṣé wọ́n pèsè olùkọ́, ìwé àti owó tó lè mú un ṣẹ? Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ṣé èso rẹ̀ hàn lára àwọn ọmọ? Ìbéèrè kejì ló máa ń há ọ̀pọ̀ iléèwé lọ́rùn, torí olùkọ́ tó kọ́ iṣẹ́ yìí kò pọ̀. Ní 1982, ẹjọ́ Plyler v. Doe fi kún un pé ọmọ tí kò ní ìwé ìgbélùú náà lẹ́tọ̀ọ́ sí iléèwé ìjọba.

Fọ́ọ̀mù èdè ilé àti ìdánwò

Ọjọ́ tí òbí bá mú ọmọ lọ forúkọ sílẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Lára ìwé tí wọn yóò kọ ni fọ́ọ̀mù èdè ilé. Ìbéèrè rẹ̀ kì í sábà pọ̀: èdè wo ni ọmọ kọ́kọ́ sọ? Èdè wo ló ń sọ jù? Èdè wo ni àwọn àgbà ilé fi ń bá a sọ̀rọ̀? Bí èdè mìíràn yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì bá hàn nínú ìdáhùn, wọ́n á pe ọmọ fún ìdánwò.

Fọ́ọ̀mù náà kéré, àmọ́ ibẹ̀ ni nǹkan ti máa ń wọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí àwọn òbí Yorùbá tó wà ní Houston, Chicago tàbí Maryland. Bàbá tó kọ "Yorùbá" sílẹ̀ lè gbọ́ pé wọ́n fẹ́ dán ọmọ rẹ̀ wò, ọmọ tó ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé láti jẹ́lé-ó-sinmi ní Ìbàdàn, inú á sì bí i. Ìyá mìíràn á gbọ́ èyí, á kọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, kí wọ́n má bàa ya ọmọ òun sọ́tọ̀. Bó bá wá jẹ́ pé ọmọ náà nílò ìrànlọ́wọ́ lóòótọ́, ó lè pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ìbẹ̀rù yìí kò nídìí. Fọ́ọ̀mù kì í fi ọmọ sí kíláàsì kankan. Ìdánwò ló ń ṣe é, ọmọ tó bá sì yege á lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó.

Ìgbọ́, ọ̀rọ̀ sísọ, ìwé kíkà àti ìwé kíkọ ni wọ́n ń dán wò. Ti àwọn ọmọ tó kéré jù sábà máa ń dá lórí ìgbọ́ àti ọ̀rọ̀ sísọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìpínlẹ̀ ló ń lo ìdánwò WIDA, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Yunifásítì Wisconsin ní Madison, tó pín ìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí ìpele 6. California ní ELPAC tirẹ̀, Texas ní TELPAS, New York náà sì dá tirẹ̀ ṣe. Òfin ẹ̀kọ́ tí Ààrẹ Barack Obama fọwọ́ sí ní Oṣù Kejìlá ọdún 2015 ní kí wọ́n ti dán ọmọ wò láàárín ọjọ́ 30 tó forúkọ sílẹ̀. Iléèwé gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí òbí pẹ̀lú, ní èdè tó máa yé e bó bá ti ṣeé ṣe. Òbí lè kọ ètò náà fún ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè yọ ọ́ kúrò nínú ìdánwò ọdọọdún.

Oríṣi ètò tó wà

Níbi kan, olùkọ́ èdè á mú àwọn ọmọ díẹ̀ jáde kúrò ní kíláàsì fún wákàtí kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Níbòmíràn, òun ló máa wọlé lọ bá wọn, tí yóò sì bá olùkọ́ kíláàsì ṣiṣẹ́ pọ̀. Àwọn ìlú ńlá kan ní iléèwé fún àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, pàápàá àwọn tí ogun tàbí ìrìn-àjò ti dá ẹ̀kọ́ wọn dúró. Ètò kan tún wà tó ń fi èdè abínibí bẹ̀rẹ̀, tó sì ń yí sí Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀. Nínú kíláàsì elédè méjì, ọmọ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti ọmọ tó gbọ́ Sípéènì á jọ fi èdè méjèèjì kẹ́kọ̀ọ́. Coral Way ní Miami, tó bẹ̀rẹ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ ní 1963 nígbà tí àwọn ará Kúbà ń sá wọ ìlú náà, ló ṣáájú láàárín àwọn iléèwé ìjọba ti ayé òde òní.

Ẹ̀kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ni wàhálà ti máa ń pọ̀ jù. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ kì í sọ ẹ̀kọ́ náà di ti ọmọdé. Á kọ́kọ́ ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì, á lo àwòrán àti ohun tí ọmọ lè fọwọ́ kàn, á kọ ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn sójú pátákó kí ọmọ parí rẹ̀, á sì jẹ́ kí ọmọ fi èdè rẹ̀ bá ọmọ èdè rẹ̀ jíròrò kó tó dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ kan lè má la ẹnu fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà mìíràn fún oṣù. Wọ́n ń gbọ́, wọ́n sì ń kó o jọ; a kò gbọdọ̀ pè wọ́n ní òpè.

Òdìkejì rẹ̀ tún wà. Ní 1979, Jim Cummins, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ní Kánádà, ya Gẹ̀ẹ́sì ìtàkùrọ̀sọ sọ́tọ̀ kúrò lára Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé. Ìwádìí rẹ̀ fi hàn pé ọmọ lè mọ ti ìtàkùrọ̀sọ láàárín bí ọdún 2, ṣùgbọ́n ti inú ìwé máa ń gba ọdún 5 sí 7. Nítorí náà, ọmọ tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá àpárá ní pápá lè má mọ ohun tí ìbéèrè sáyẹ́ǹsì ń fẹ́, kí olùkọ́ sì rò pé ọ̀lẹ ni.

Àríyànjiyàn tó le jù ni bóyá èdè abínibí ń fa ọmọ sẹ́yìn. Ní 1998, àwọn olùdìbò California fọwọ́ sí àbá 227, tó dín ẹ̀kọ́ elédè méjì kù gan-an. Ní 2016, wọ́n fi àbá 58 yí èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ padà. Ilẹ̀ Yorùbá ní ẹ̀rí tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ètò alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún 6, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ń kọ́ wọn. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ yẹn kò kéré sí ti àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Lóòótọ́, ọmọ tí èdè rẹ̀ yí i ká ní Ifẹ̀ àti ọmọ kan ṣoṣo tó ń sọ Yorùbá ní kíláàsì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kò rí bákan náà.

Èdè tàbí àìlera

Wọ́n ti fi àìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì pe ọmọ ní aláìpé rí. Ní California, ẹjọ́ Diana v. State Board of Education, tí wọ́n yanjú ní 1970, jẹ́ ti àwọn ọmọ tí òbí wọn ti Mẹ́síkò wá, tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìdánwò làákàyè fún, tí wọ́n sì kó lọ sí kíláàsì àwọn tí ọpọlọ wọn kò jí pépé. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní èdè wọn, máàkì ọ̀pọ̀ wọn gòkè. Òfin ti wá ní kí wọ́n fi èdè ọmọ yẹ̀ ẹ́ wò bó bá ti ṣeé ṣe. Bí ọmọ bá ní àìlera lóòótọ́, ìrànlọ́wọ́ méjèèjì ló tọ́ sí i.

Jíjáde nínú ètò

Ọdọọdún ni wọ́n ń dán ọmọ wò títí yóò fi gba máàkì tí ìpínlẹ̀ rẹ̀ là sílẹ̀. Máàkì náà kò dọ́gba, débi pé ọmọ tó ti jáde ní ìpínlẹ̀ kan lè má tíì jáde bó bá jẹ́ òmíràn ló ń gbé. Àwọn kan máa ń pẹ́ níbẹ̀ ju ọdún 6 lọ, àwọn tó ti dé iléèwé girama ló sì máa ń ká lára jù, torí wákàtí ẹ̀kọ́ èdè lè gba àyè orin, iṣẹ́ ọnà tàbí kọ̀ǹpútà mọ́ wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí ọmọ bá jáde, iléèwé á máa ṣọ́ ọ fún ó kéré tán ọdún 2. Bí èsì rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í relẹ̀, tó sì hàn pé èdè ló fà á, wọ́n lè tún un dán wò kí wọ́n sì dá a padà sínú ètò, bí òbí bá gbà.