Gurchenko gbajúmọ̀, kò lówó

Àwọn tó fẹ́ràn sinimá àtijọ́ gbà pé òṣèré tó bá ti ṣe fíìmù kan tí tọmọdé-tàgbà wò ti bọ́ lọ́wọ́ ìṣẹ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá ní ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì, ìyẹn Rọ́ṣíà àtàwọn ilẹ̀ tó wà pẹ̀lú rẹ̀ nígbà náà. Ẹ wo òṣèré obìnrin wọn kan, Lyudmila Gurchenko.

Ìparí ọdún 1956 ni olùdarí fíìmù Eldar Ryazanov gbé Karnavalnaya noch jáde, fíìmù nípa àríyá ọdún tuntun. Ọmọ ọdún 21 ni Gurchenko, ó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ sinimá ní Moscow. Aṣọ dúdú ló wọ̀, ó fún un níbàdí pinpin. Àpò onírun funfun tí wọ́n fi ń mú ọwọ́ móoru ló ki ọwọ́ bọ̀, ó wá ń kọrin nípa ìṣẹ́jú márùn-ún tó kù kí ọdún yí. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tà lé ní mílíọ̀nù 48.

Kọ́bọ̀ kan kò kàn án nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì yẹn. Ìjọba ló ni ilé iṣẹ́ fíìmù, ìjọba ló sì pín àwọn òṣèré sí ipele-ipele. Ipele tí o bá wà ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó sanwó fún ọ, iye èèyàn tó wò ọ́ kò kàn wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? Ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà. Ló bá ń kọrin kiri láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, kó lè rówó jẹun. Ohun tó kó o sí wàhálà gan-an nìyẹn. Ìwé ìròyìn gbé e jáde ní 1957, wọ́n ní owó ìkọ̀kọ̀ tí kò gba ọwọ́ ìjọba kọjá ló ń gbà, wọ́n sọ ọ́ di ẹni ìtìjú. Ó dùn mí púpọ̀, nítorí ọmọ tó la Ogun Àgbáyé Kejì já ní ìlú Kharkiv ní Ukraine ni, ó mọ ohun tí ebi ń ṣe.

Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà lẹ́bàá ọ̀nà, tí ipa tó ń rí kò tó ẹ̀bùn rẹ̀. Lójú àwọn ọ̀gá, ọmọge tó ń kọrin tó ń jó lásán ni. Ìgbà tí fíìmù Staryye steny jáde ní 1974 ni ojú wọn tó là: Gurchenko ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ aṣọ híhun níbẹ̀, obìnrin àgbà tí ẹrù iṣẹ́ wà léjìká rẹ̀. Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ní 1982, Ryazanov fúnra rẹ̀ tún pè é, ó fi ṣe obìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún èrò ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ní 1983 ni wọ́n fi oyè òṣèré tó ga jù lọ nílẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì dá a lọ́lá, ọdún 27 lẹ́yìn orin ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn.