Ṣé gbogbo àtalẹ̀ pupa tẹ́ ẹ ń mu ló ń dénú ẹ̀jẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń po àtalẹ̀ pupa, ìyẹn tọ́mẹ́ríìkì, mọ́ omi láràárọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ wà o. Ohun tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp ni pé curcumin inú ẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń fún un láwọ̀, ń lé ìrora oríkèé, ó ń fọ ẹ̀dọ̀, àti pé béèyàn bá ṣe ń mu ún tó náà ló ṣe máa ṣiṣẹ́ tó. Ibẹ̀ gan-an nirọ́ wà, torí ohun téèyàn gbé mì lọ́tọ̀, ohun tó dénú ẹ̀jẹ̀ lọ́tọ̀.

Curcumin ọ̀hún ò tiẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Nínú 100 gíráàmù àtalẹ̀ pupa lílọ̀, nǹkan bíi 3 gíráàmù péré ni. Òun àti omi ò sì rẹ́. Ẹ bu díẹ̀ sínú gíláàsì omi tútù kẹ́ ẹ rò ó, tó bá ṣe díẹ̀ ẹ máa rí i tó ti lọ jókòó sísàlẹ̀, àmọ́ ẹ dà á sí òróró gbígbóná ẹ wò ó, kíá lòróró á pọ́n rúsúrúsú. Èyí tó wá ráyè wọlé, ara ìfun àti ẹ̀dọ̀ á yára yí i padà sí nǹkan míì kára lè rí i dà nù, ìyókù á bá ìgbẹ́ lọ.

Lọ́dún 2006 ní Michigan, Amẹ́ríkà, wọ́n fún èèyàn 24 ní curcumin, oníkálukú pẹ̀lú ìwọ̀n tiẹ̀. Àwọn tó gbé 8 gíráàmù mì pàápàá, wọn ò rí i nínú ẹ̀jẹ̀ wọn rárá, ìgbà tó di 10 àti 12 gíráàmù ni wọ́n tó rí ṣín-ún lára èèyàn méjì péré. Kéèyàn tó rí 12 gíráàmù yẹn látinú èyí tá a ń rà lọ́jà, á jẹ bíi 400 gíráàmù! Ta ló fẹ́ gbé ìyẹn mì?

Wọ́n á ní ká fi black pepper sí i, pé á di ìlọ́po 20. Lóòótọ́, wọ́n rí bẹ́ẹ̀ ní Bangalore, Índíà, lọ́dún 1998, nígbà tí wọ́n fi 20 mìlìgíráàmù piperine kún 2 gíráàmù curcumin (piperine yìí ló ń ta nínú black pepper, ó wà nínú iyèré tiwa náà). Àmọ́ ìlọ́po 20 kí ni? Ẹni tó ní kọ́bọ̀ kan tó wá di 20 kọ́bọ̀, ṣé olówó nìyẹn? Kò sì pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ tó fi tún wálẹ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyí o: bí piperine ṣe ń ṣe é ni pé ó ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ iṣẹ́ ẹ̀, oògùn míì téèyàn ń lò náà lè tipa bẹ́ẹ̀ pọ̀ jù lára. Àwọn kan tó ń lo kápúsù curcumin ti ní àìsàn ẹ̀dọ̀, ní Italy àti Amẹ́ríkà. Àtalẹ̀ pupa inú ìrẹsì àti ọbẹ̀ ò ní wàhálà, ẹ máa jẹ ẹ́ lọ, kápúsù tí wọ́n fi piperine sí ni kẹ́ ẹ fi han dókítà kẹ́ ẹ tó lò ó, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí warfarin, ìyẹn oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì.