Ìlà Pupa Abẹ́ Ọ̀rọ̀ Kì í Ṣe Adájọ́

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa tó ń kọ nǹkan sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ló gbà pé ọ̀rọ̀ tí ìlà pupa bá ti yọ lábẹ́ rẹ̀, a ti ṣì í kọ nìyẹn, àti pé ìwé tí ìlà pupa kò bá sí nínú rẹ̀ ti mọ́ tónítóní. Ìgbàgbọ́ yìí ti rinlẹ̀ débi pé mo mọ àwọn tó máa ń yọ àmì orí àti àmì abẹ́ orúkọ bàbá wọn kúrò, kí ìlà náà má baà máa yọ wọ́n lẹ́nu. Ìdajì ìgbàgbọ́ náà kò tọ̀nà, ìdajì kejì sì léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo gbé ìwé ìpè wòlímọ̀ Kùránì ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé kan ní Tankẹ, nílùú Ìlọrin. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó ti kọ̀ǹpútà mọṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán, ojú ìwé náà pọ́n bí ẹni pé wọ́n fi osùn kùn ún, nítorí orúkọ ènìyàn àti orúkọ ìlú ló kún inú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba àbá tí kọ̀ǹpútà ń dá fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí pupa náà fi tán pátápátá. Mo ní kó jẹ́ kí n tún un kà, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣèyọnu, kọ̀ǹpútà ti yẹ̀ ẹ́ wò.” Ìgbà tí a pín káàdì tán la tó rí i pé ìlú ìyá ọmọ náà, tí a kọ ní Omu-Aran, ti di “Emu-Aran”. Ẹyẹ ńlá kan tí kò lè fò, tó wà ní Ọsirélíà, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní emu, ṣùgbọ́n ta ló mọ ẹyẹ yẹn ní Ìlọrin? Ẹmu ọ̀pẹ ni gbogbo ẹni tó gba káàdì náà kà, lórí ìwé wòlímọ̀! Àwọn ọ̀dọ́ inú àwọn àna wa láti Òmù-Àrán fi ṣẹ̀rín; àwọn àgbà wọn kò fi ṣẹ̀rín rárá.

Kọ̀ǹpútà náà kò ṣàṣìṣe, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́. Ohun tí ń yẹ àkọtọ́ wò nínú ẹ̀rọ kò fi bẹ́ẹ̀ ju àkójọ ọ̀rọ̀ lọ. Ó ń mú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí a tẹ̀, láti àlàfo kan sí èkejì, ó ń wá a nínú àkójọ náà. Bó bá rí i, ó kọjá lọ, bí kò bá rí i, ó fa ìlà sí i nídìí. Gbogbo ohun tí ìlà náà ń sọ kò ju “N kò mọ ẹni yìí rí” lọ. Ṣe ni ó dà bí màígádì tí wọ́n fún ní ìwé orúkọ àwọn àlejò: ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ kì í ṣe olè, ó lè jẹ́ bàbá onílé gan-an. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kan tó gbajúmọ̀ láyé àtijọ́ ni SPELL, tí Ralph Gorin kọ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1971, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló sì kọ ọ́ fún. Kò sí ẹni tó fi Òmù-Àrán sọ́kàn níbẹ̀, a kò sì lè bá wọn wí.

Ibo wá ni àbá tí ẹ̀rọ ń dá ti ń wá? Frederick Damerau, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, ti kọ ọ́ ní ọdún 1964 pé ohun tó ju 80 lọ nínú 100 àṣìṣe tí òun yẹ̀ wò ló jẹ́ ọ̀kan nínú oríṣi mẹ́rin: kí lẹ́tà kan sọnù, kí lẹ́tà kan lé, kí lẹ́tà kan jókòó sípò òmíràn, tàbí kí lẹ́tà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn pààrọ̀ ipò. Ẹ mú “gbogbo” gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ẹni tó ń kánjú lè tẹ “gbobo”, ó lè tẹ “gbogbbo”, ó lè tẹ “gbogvo” nítorí v àti b fara kanra lórí kíbọ́ọ̀dù, ó sì lè tẹ “gbogob”. Ẹ̀rọ yóò wá ọ̀rọ̀ inú àkójọ rẹ̀ tí kò jìnnà ju ìgbésẹ̀ kan tàbí méjì lọ sí ohun tí a tẹ̀. Láti Omu dé Emu, lẹ́tà kan péré ni. Láti Ilorin dé Florin, lẹ́tà kan náà ni, florin sì ni owó tí àwọn bàbá wa ń pè ní sílè méjì kí náírà tó dé ní 1973. Àwọn ètò tuntun ti ń wo ọ̀rọ̀ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e kí wọ́n tó dá àbá, wọ́n sì gbọ́n ju ti àtijọ́ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ti kà rí náà ni wọ́n fi ń gbọ́n.

Ìdajì kejì ìgbàgbọ́ náà ni mo ní ó léwu, ìyẹn ni pé ibi tí kò sí ìlà, kò sí àṣìṣe. Ẹ kọ orúkọ ìlú Share, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára pátákó ojú ọ̀nà. Ìlà kankan kò ní yọ, kì í sì í ṣe pé ẹ̀rọ mọ ìlú náà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí “pín” ló rò pé a kọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni “sun”. Ọmọ sùn, ọmọ sun iṣu, ọmọ sún mọ́ iná: mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí a bá yọ àmì ohùn kúrò lórí wọn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á di “sun”, ẹ̀rọ tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì yẹ ìwé wò á sì jẹ́ kí gbogbo wọn kọjá nítorí oòrùn ni wọ́n jẹ́ lójú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ “sùn” bó ṣe yẹ ni yóò rí ìlà pupa. Ẹni tó kọ ọ́ dáadáa ni ẹ̀rọ ń dá dúró, ẹni tó kọ ọ́ láìbìkítà ń kọjá lọ ní tirẹ̀. Mo gbà pé ìyà tí ìgbàgbọ́ yìí fi ń jẹ èdè wa jù lọ nìyí, nítorí ó ń kọ́ àwọn ọmọ pé àmì ohùn ni àṣìṣe.

Bí a bá tilẹ̀ gbé àkójọ Yorùbá sínú ẹ̀rọ, wàhálà kò tán. Nínú Unicode, tí í ṣe ìlànà tí fóònù àti kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, é náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́, tó ru àmì lórí tó tún ní òmíràn lábẹ́, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹnì kan lè tẹ ẹ kó fi àmì orí lé e. Ẹlòmíràn lè tẹ é kó fi àmì abẹ́ sí i. Ẹnì kẹta lè bẹ̀rẹ̀ láti orí e lásán. Ohun kan náà ni ojú wa ń rí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọn kò kọ́ láti sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan ń rí nǹkan mẹ́ta. Nítorí náà, “ọ̀rẹ́” lè wà nínú àkójọ kí ìlà sì tún yọ lábẹ́ “ọ̀rẹ́” tí ẹ kọ.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, èdè wa kì í dẹ́kun bíbí ọ̀rọ̀. Láti inú gbọ́ràn la ti ní ìgbọràn, onígbọràn, àìgbọràn àti aláìgbọràn, kò sì sí ẹni tó lè kọ irú wọn tán sínú àkójọ. Èyí kì í ṣe àrùn tí kò gbóògùn. László Németh ṣe Hunspell, ètò kan tí ń yẹ àkọtọ́ wò, nítorí èdè Họ́ńgárì, tí àfikún ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, nípa fífún ẹ̀rọ ní òfin tó fi lè dá ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀dá mọ̀. Òun náà ló wà lónìí nínú Firefox, tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, àti LibreOffice, tí a fi ń tẹ ìwé. Iṣẹ́ tí ẹnì kan jókòó ṣe ni.

Àkọtọ́ tí a fẹ́ fi kọ́ ẹ̀rọ náà tún nílò ìpinnu. Bíbélì Yorùbá tó jáde lódindi ní 1884 kọ “aiye” àti “enia”, àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 sì sọ wọ́n di “ayé” àti “ènìyàn”. Bàbá àgbà kan tó bá kọ “aiye” lónìí kò ya púrúǹtù, ilé ìwé tirẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ṣé ó wá yẹ kí ayẹ̀wò yìí wà níbikíbi tí a ti ń kọ̀wé lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ó yẹ, ó sì ti wà fún ọ̀pọ̀ wa: láti ìgbà tí Firefox 2 ti jáde ní 2006 ló ti wà nínú aṣàwákiri fúnra rẹ̀. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí ẹ̀rọ máa yí ọ̀rọ̀ padà láìbéèrè, tàbí kó máa fi èdè kan yẹ òmíràn wò. Ẹni tó ń lo Gboard, kíbọ́ọ̀dù Google lórí fóònù, lè fi Yorùbá kún àwọn èdè rẹ̀ nínú ètò kíbọ́ọ̀dù. Nínú Word, a lè sàmì sí ìpínrọ̀ Yorùbá kí a sì sọ fún un pé kó má yẹ ibẹ̀ wò. Orúkọ tó tọ́, tí ìlà sì ń yọ lábẹ́ rẹ̀, a lè fi sínú àkójọ ara ẹni lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọ̀dọ́mọkùnrin Tankẹ yẹn ti ṣe bẹ́ẹ̀. Omu-Aran ti wọ àkójọ rẹ̀, Omupo, tí í ṣe ìlú mìíràn, pẹ̀lú, ìlà kì í sì í yọ mọ́ lábẹ́ ìkankan nínú wọn. Lọ́jọ́ tó bá tẹ ọ̀kan níbi tí oníbàárà ti kọ èkejì, ẹ̀rọ kò ní sọ nǹkan kan.