Bí Ẹranko Ṣe Ń Pín Àbàtà Lò Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dá oko àkúrọ̀ lágbègbè odò Ọba ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ mọ̀ pé bí ọyẹ́ bá ti dé, omi á fà, gbogbo ohun abẹ̀mí á sì rọ́ jọ sójú kan. Ohun tí kì í jẹ́ kí wọ́n run ara wọn ni pé oúnjẹ wọn àti àkókò wọn ò dọ́gba. Lékèélékèé ń ṣa kòkòrò lọ́sàn-án, ọ̀yà ń jẹ èèsún lóru.

Ẹja ló yẹ ká fara balẹ̀ wò jù. Atẹ́gùn inú omi ni epìyà ń mí. Lóru, ewéko inú omi náà ń fa atẹ́gùn yẹn, ìdí nìyẹn tí epìyà fi ń yọ ẹnu sókè ní ìdájí. Àrọ̀ ní tirẹ̀ lè mí atẹ́gùn òkè omi, ó sì ń yè nínú ẹrẹ̀ tí epìyà ti kú sí. Bí ojú oró bá bo omi pátá, atẹ́gùn á tán. Ẹ yọ nǹkan bí ìdajì. Ẹ má yọ ọ́ tán o, abẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ lọmọ ẹja ń sá sí. Ẹ kó èyí tẹ́ ẹ yọ jìnnà sétí omi, torí bó bá jẹrà síbẹ̀, á tún fa atẹ́gùn tó kù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da Gamálíìn, oògùn apakòkòrò, sódò. Ọmọ lámilámi, tó ń gbé inú omi, ń jẹ tanwíji, ìyẹn ọmọ ẹ̀fọn. Oògùn yẹn á pa á pẹ̀lú ẹja. Ẹ̀fọn lè ti ẹyin di abìyẹ́ láàárín ọjọ́ 10, lámilámi á lò ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ̀fọn ló máa kọ́kọ́ padà.

Ẹ fi èèsún bí ìṣísẹ̀ 10 sílẹ̀ láàárín ebè àti omi, ẹ má sì dáná sun ún. Òun ló ń dá iyẹ̀pẹ̀ dúró kí òjò má gbá a dí ibú. Bẹ́ ẹ bá ń fi ẹ̀rọ fa omi látinú ibú, ẹ pa á nígbà tómi bá ku bí orúnkún. Àrọ̀ tó bá ṣẹ́kù síbẹ̀ ló máa lọ yé ẹyin sáàárín koríko nígbà tódò bá kún àkúnya.