Ọwọ́ Yín Ni Kó Yan Ìbọn Ìléwọ́

Ìbéèrè táwọn èèyàn wa ní Houston máa ń bi mí jù ni "Ìbọn wo ló dáa jù?" Ó ṣọ̀wọ́n kẹ́nì kan bi mí pé èwo ló máa bá òun mu. Kíkọ́ èèyàn níbọn yíyìn ni mo fi ń jẹun, ohun tójú mi sì ń rí ni pé ẹni tó bá ń wá èyí tó dáa jù, èyí tó rí nínú fíìmù ló máa ń rà, tàbí irú ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, tàbí kí ọlọ́jà gbé èyí tó ti pẹ́ lórí àtẹ lé e lọ́wọ́. Á yìn ín lẹ́ẹ̀kan, á ta á lápá, á sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Ìbọn téèyàn kì í yìn ò lè gbà á lọ́jọ́ ìjà. Èyí tẹ́ ẹ lè mú dáadáa, tó ń bá ibi tẹ́ ẹ fojú sùn, tí kì í sì í sú yín láti gbé lọ sí rẹ́ńjì, ibi tá a ti ń kọ́ ìbọn yíyìn, òun ni mo ń pè ní ìbọn tó dáa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ìwé, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn wa ti ń kó sí wàhálà jù. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ò jẹ́ kí ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21 ra ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ oníṣòwò tó ní láísẹ́ǹsì. Ẹ ó kọ̀wé sí fọ́ọ̀mù 4473, wọ́n á sì yẹ orúkọ yín wò lórí NICS, ìyẹn ètò tí FBI ń lò láti mọ ẹni tí òfin kọ̀ fún. Oní-gírínkáàdì lè rà á. Ẹni tó wà níbí lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ (F-1), físà iṣẹ́ H-1B tàbí físà ìbẹ̀wò kò lè rà á. Kò tiẹ̀ gbọdọ̀ ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́ rárá, àfi tó bá wà lára àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ọdẹ tí ìpínlẹ̀ fún un. Ìbọn tí wọ́n yá èèyàn ní rẹ́ńjì fún wákàtí kan náà wà lábẹ́ òfin yìí. Ẹ̀yin àbúrò tẹ́ ẹ ń gbé fọ́tò ìbọn sórí Instagram nígbà tí F-1 ṣì wà nínú páspọ́ọ̀tù yín, ẹ̀rí lẹ ń kó jọ fún ẹni tó máa bá yín ṣẹjọ́.

Èyí tó tún burú jù ni "Bọ̀dá, ẹ bá mi rà á, èmi ni màá sanwó." Ìbéèrè wà lórí fọ́ọ̀mù náà pé ṣé ẹ̀yin gan-an lẹ fẹ́ ra ìbọn yìí fún ara yín. Irọ́ níbẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, àtìgbà òfin tí wọ́n ṣe ní 2022 sì ni ẹni tó bá ra ìbọn fún ẹni tí òfin kọ̀ fún ti lè ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún 15. Tẹ́ni tó ní gírínkáàdì bá jẹ̀bi ẹ̀sùn ìbọn, wọ́n lè lé e padà sílé. Ẹ ò gbọdọ̀ tijú èèyàn nírú ọ̀rọ̀ yìí, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá yín.

Ẹ má sì ronú àtifi ránṣẹ́ sílé nínú dúrọ́ọ̀mù tàbí nínú búùtù ọkọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ fi sọdá. Nínú òfin ìbọn Nàìjíríà, ìbọn ìléwọ́ wà lára àwọn ohun ìjà tí wọ́n kà léèwọ̀, àfi kí Ààrẹ fọwọ́ sí i. Ọ̀tọ̀ ni ti ṣakabùlà àti ìbọn ọdẹ. Àwọn ará wa tó wà ní London náà, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín: láti 1997, lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Dunblane ní Scotland, ni ìbọn ìléwọ́ ti kúrò lọ́wọ́ aráàlú níbẹ̀. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà níbí gan-an, ìpínlẹ̀ ò dọ́gba. Láti oṣù kẹsàn-án 2021, àgbàlagbà tí òfin ò kọ̀ fún lè gbé ìbọn ìléwọ́ ní Texas láìgba ìwé. Ní Maryland, tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí bí eṣú, ẹ ó kọ́kọ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́, ẹ ó tẹ̀ka, ẹ ó gbàwé kẹ́ ẹ tó lè rà á, wọn ò sì ní ta mágásíìnì, ìyẹn ilé ọta, tó gbà ju ọta 10 lọ fún yín. Ẹ bi òfin ìpínlẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Ó wá ku ọwọ́. Tẹ́ ẹ bá dé ilé ìtajà, ẹ jẹ́ kí ọlọ́jà ṣí inú ìbọn hàn yín pé kò sí ọta níbẹ̀, kẹ́yin náà tún fojú ara yín wò ó. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: "Ìbọ́n ní apátí, kò lápátí, ta ní jẹ́ jẹ́ ká kọjú rẹ̀ kọ òun?" Ẹnu ìbọn kì í kọjú sí èèyàn, bó ti wù kó dá yín lójú tó pé òfìfo ni. Ìka kì í sì í wọlé sórí tíríígà títí dìgbà tójú bá wà lára ohun tẹ́ ẹ fẹ́ yìn.

Tẹ́ ẹ bá ti gbà á, ẹ ti ìdí ìbọn wọ àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, kó ga sókè bó bá ṣe lè ga tó. Ẹ wò ó látòkè: ojú irin ìbọn àti egungun apá yín gbọ́dọ̀ tò lé ara wọn. Ẹ kọ ẹnu rẹ̀ síbi tí kò séwu, kẹ́ ẹ wá gbé ìka lé tíríígà. Ibi tó rọ̀ lórí ìka, níwájú oríkèé àkọ́kọ́, ló yẹ kó bá a. Tó bá jẹ́ pé ṣóńṣó ìka ló fi tipátipá débẹ̀, ìbọn yẹn tóbi jù fún yín, ọta yín á sì máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tí ìka bá wọlé kọjá oríkèé, ó kéré jù. Ọ̀pọ̀ ìbọn òde òní ní ẹ̀yìn ìdí oríṣiríṣi tí wọ́n ń pààrọ̀ nínú páálí, ẹ ní kí wọ́n bá yín pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ pé kò bá yín mu.

Lẹ́yìn ìyẹn ni sílàìdì, irin òkè tá à ń fà sẹ́yìn kí ọta tó wọnú ìbọn. Àwọn màmá máa ń sọ fún mi pé àwọn ò lágbára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ agbára kọ́. Wọ́n na apá jáde, wọ́n ń fi ìka méjì fà á. Ẹ mú un sún mọ́ àyà, kí ẹnu rẹ̀ kọjú síbi tí kò séwu, kẹ́ ẹ fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ òsì gbá ẹ̀yìn sílàìdì mú, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ ọ̀tún ti ìdí ìbọn síwájú. Tó bá ti dé òpin, ẹ jọ̀wọ́ sílàìdì kó padà fúnra rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bá a rìn padà, ọta á há. Ẹni tí làkúrègbé ti mú lọ́wọ́ ṣì lè rí tiẹ̀: Smith & Wesson ṣe Shield EZ jáde ní 2018 fún irú wọn, sílàìdì rẹ̀ rọ̀ gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìbọn kékeré, torí òun ni wọ́n máa ń tà fáwọn obìnrin. Nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ gbé ìbọn .380 (ìwọ̀n ọta rẹ̀ ni nọ́ńbà yẹn) kan tó wọ àpò wá bá mi. Ọkọ rẹ̀ ló rà á fún un. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó gbé e sílẹ̀, ó ń fọwọ́ nu ojú àtàǹpàkò rẹ̀ tí irin ti bó. Ìbọn tó fúyẹ́, ìtàpá rẹ̀ kì í fúyẹ́: irin tó yẹ kó gba agbára ọta sára kò sí níbẹ̀, ọwọ́ yín ló máa gbà á. Bẹ́ẹ̀ sì ni irin kékeré túmọ̀ sí pé ibi ìfojúsùn sún mọ́ra, àṣìṣe tín-ín-rín lójú á di ọ̀nà jíjìn lára páálí. Mo gbé Glock 19 fún un, ìbọn 9mm tó tóbi ju .380 yẹn lọ, tó sì ń yin ọta tó lágbára ju tiẹ̀ lọ. Kí àpótí ọta tó tán, ihò ara páálí rẹ̀ ti ń kóra jọ sójú kan. Ẹ̀rín ló ń rín.

Ẹ̀yin ọkọ, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ìbọn fún ìyàwó, ẹ mú un dání lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fi owó náà ra góòlù.

Àwọn bàbá wa fẹ́ràn revolver, èyí tí ọta rẹ̀ máa ń yí nínú àgbá, torí wọ́n ní kì í há. Òótọ́ wà níbẹ̀, kò sì ní sílàìdì tí wọ́n á máa fà. Ṣùgbọ́n ọta márùn-ún tàbí mẹ́fà péré ló ń gbé, tíríígà rẹ̀ sì le débi pé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbọ̀n kí ọta tó jáde. Mi ò kì í gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó ra èyí tó kúrú, tó fúyẹ́ nínú wọn. Ìbọn ẹni tó ti mọ̀ ọ́n yìn nìyẹn.

Lórí ìwọ̀n ọta, àríyànjiyàn pọ̀ nílé ọtí, àmọ́ 9mm ni kẹ́ ẹ rà. Lẹ́yìn tí ọ̀daràn méjì pa ọmọ FBI méjì ní Miami ní 1986, FBI sọ pé 9mm kò lágbára tó, wọ́n wá ọta tó wúwo jù ú lọ, àtibẹ̀ ni .40 ti jáde ní 1990. Nígbà tó yá, ọta 9mm tí wọ́n ń ṣe dára sí i, wọ́n sì rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń fi í bá ibi tí wọ́n fojú sùn jù, wọ́n tún padà sí i; 2016 ni wọ́n fún Glock níṣẹ́ pípèsè ìbọn 9mm fún wọn. Ẹni tó ń jiyàn .45 fún yín, ẹ bi í pé èló ló ń ra àpótí kan.

Oríṣi méjì lẹ máa rà. Olórí dídì, tó rọjú, ni ti rẹ́ńjì. Olójú ihò ni ti ilé, torí ó máa ń ṣí bí òdòdó nínú ara, kì í sáà yára kọjá lọ bíi ti àkọ́kọ́. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni ilé tá à ń gbé. Kì í ṣe búlọ́ọ̀kù bíi ti Ìbàdàn. Igi ni egungun ògiri níbí, àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ pátákó tí ẹ̀ṣẹ́ ọmọkùnrin tó bá ń bínú lè dá lu. Ọta tó bá tàsé olè ní pálọ̀ lè la yàrá ọmọ kọjá kó tó dé ilé aládùúgbò, olójú ihò náà kò yọ nínú rẹ̀. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ra ọta, ẹ rìn yí ilé ká, kẹ́ ẹ mọ ògiri tí ẹnì kan ń sùn lẹ́yìn rẹ̀.

Tó bá jẹ́ eré ìdárayá lẹ fẹ́, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú .22. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ tàpá, ariwo rẹ̀ kò pọ̀, ọta rẹ̀ sì pọ́ọ́kú. Ruger Mark IV ni mo fi ń kọ́ àwọn tí ìbọn ń bà lẹ́rù. Ẹni tó fẹ́ ìbọn kan ṣoṣo fún ààbò àti eré, kó ra 9mm tí kò tóbi jù, tí kò kéré jù, bíi Glock 19 tàbí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Òun náà lẹ lè fi bá wọn dú ife níbi ìdíje yíyin pákó irin. Bó ti wù kó rí, ẹ di etí, ẹ wọ ìgò, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọwọ́ kẹ́ ẹ tó jẹun, torí òjé wà nínú èéfín ọta. Aboyún kì í wá sí rẹ́ńjì mi.

Abẹ́ ìrọ̀rí kọ́ ni ilé ìbọn. Àpótí irin tó ń ṣí pẹ̀lú nọ́ńbà ni, òfin Texas sì ń fìyà jẹ ẹni tó bá fi ìbọn kíkì sí ibi tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 ti lè rí i mú. Àwọn ọmọ yín mọ ibi tẹ́ ẹ ń tọ́jú ẹran dínín sí, wọ́n máa mọ ibẹ̀ náà. Àwọn èèyàn wa kì í sì í fẹ́ sọ èyí tó kù: nínú àwọn tí ìbọn ń pa ní Amẹ́ríkà lọ́dọọdún, àwọn tó fọwọ́ ara wọn gbẹ̀mí ara wọn ju ìdajì lọ. Tí ìbànújẹ́ bá wọlé yín, tí ẹnì kan kì í sùn mọ́, tí kò jẹun mọ́, ẹ gbé ìbọn kúrò nílé fúngbà díẹ̀, kẹ́ ẹ pe 988, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ fẹ́ni tó ń ronú àtigbẹ̀mí ara rẹ̀.

Ó kù síbi owó. Tẹ́ ẹ bá ní dọ́là 1,000, ẹ má fi ju 600 lọ ra ìbọn. Èyí tó kù ni àpótí irin, ohun ìdítí, àpò ìbọn líle tó bo tíríígà pátá, ọta rẹ́ńjì, àti olùkọ́ fún ọjọ́ àkọ́kọ́. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ lọ sí rẹ́ńjì tó ń yáni níbọn, kẹ́ ẹ yin mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́jọ́ kan náà, lórí páálí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ní yáàdì méje. Ẹ kọ orúkọ ìbọn kọ̀ọ̀kan sórí páálí rẹ̀. Èyí tí ihò rẹ̀ kóra jọ jù ni kẹ́ ẹ rà, kódà tí kò bá wù yín lójú.