Redundancy ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà, ṣé wọ́n ti lé mi nìyẹn?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ. Lẹ́tà tí wọ́n fún mi ní ọ́fíìsì ò dárúkọ sack rárá, "redundancy" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ṣé kì í ṣe ọ̀kan náà ni?

Ìdáhùn: Kì í ṣe ọ̀kan náà o, owó wà nínú ìyàtọ̀ ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sack, tàbí tí wọ́n fire báwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń pè é, ohun táráyé máa kọ́kọ́ rò ni pé ó ṣẹ̀. Redundancy ní tiẹ̀, iṣẹ́ yẹn ni ò sí mọ́, ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣẹ̀. Labour Act tiwa ní Nàìjíríà, abala 20, ní kí ọ̀gá sọ ìdí ẹ̀ fún yúníọ̀nù tàbí aṣojú òṣìṣẹ́, kó sọ bí àdínkù yẹn ṣe máa pọ̀ tó, ẹni tó dé kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ lọ àmọ́ wọ́n lè wo ẹni tó mọṣẹ́ tó sì ṣeé fọkàn tán, kó sì sapá gan-an láti jókòó sọ̀rọ̀ pay-off, ìyẹn owó tí wọ́n máa san fẹ́ni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, pẹ̀lú wọn. Òfin yẹn ò wá sọ iye tí wọ́n máa san, ibi tó ti dùn mí nìyẹn, torí náà ẹ lọ wo ìwé àdéhùn tẹ́ ẹ fọwọ́ sí nígbà tẹ́ ẹ wọṣẹ́, pàápàá tẹ́ ẹ bá jẹ́ máníjà, torí àwọn tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ àtàwọn akọ̀wé lòfin ọ̀hún wà fún.

Ìbéèrè: Downsizing, rightsizing, retrenchment, furlough ńkọ́? Orí mi ti dàrú.

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni downsizing tẹ́lẹ̀. Láàárín 1970 sí 1979, nígbà tí epo wọ́n, làwọn tó ń ṣe mọ́tò l'Amẹ́ríkà ń lò ó fún mọ́tò tí wọ́n dín títóbi ẹ̀ kù, ìgbà tó yá ni wọ́n gbé e wá sórí èèyàn. Rightsizing, nǹkan kan náà ni, wọ́n kàn fi ṣúgà sí i. Retrenchment, ìyẹn kí wọ́n dá òṣìṣẹ́ dúró torí àtidín ìnáwó kù, ẹ bi ẹni tó ṣiṣẹ́ ìjọba lọ́dún 1984 nígbà ológun Buhari, á ròyìn fún yín. Furlough ò tíì gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ jókòó sílé fúngbà díẹ̀ ni, bíi ti Kòrónà lọ́dún 2020 tí ìjọba Bìrìtéènì ń san ìdá 80 nínú 100 owó oṣù, tí ò gbọ́dọ̀ ju £2,500 lọ.

Ìbéèrè: HR, àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì, ní kí n kúkú kọ resignation, pé ìyẹn níyì jù.

Ìdáhùn: Ẹ má kọ ọ́ o, mo bẹ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́, ẹ̀yin lẹ fiṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ pay-off ti parí. Ẹ̀gbọ́n mi gba irú lẹ́tà yìí lọ́jọ́ Fráídè kan, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, ó ń kà á títí ilẹ̀ fi ṣú, màámi wá bi í pé "Kí lo ṣe fún wọn?" Kò lè fèsì, ó ká lẹ́tà yẹn sí mẹ́rin ó tì í sápò. Ìtìjú yẹn ló jẹ́ kó kọ resignation lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kó lè máa sọ fáwọn èèyàn pé òun lòun kúrò. Owó oṣù yẹn nìkan ló gbà. Ẹnì kan tí tábìlì wọn jọ kángun síra ò fọwọ́ sí nǹkan kan, ó mú lẹ́tà tiẹ̀ lọ bá yúníọ̀nù, wọ́n fi ọdún 9 tó lò níbẹ̀ ṣírò pay-off ẹ̀ fún un.